Gbérí Ọdẹ́tàyọ̀ ní Ìlú Àtẹ́

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó wúkọ́ báyìí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, bó bá ti gbéra, kì í dúró de ẹni tó lọ wá omi mu.

Láàárọ̀ yìí, bí a ti ń pín ẹran ìgalà, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ pe ẹnìkejì rẹ̀ ní afọgbérí, tí gbogbo yín sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Láàárín àwa ọdẹ, kò sí èébú tó ju èyí lọ. Gbérí tí ọdẹ ń wọ̀ lọ sígbó kì í ṣe aṣọ tí à ń fọ̀. Ọjọ́ tí a bá ti kó o sọ́rùn ló ti kọ omi, kí ẹ̀jẹ̀ ẹran àkọ́pa àti òógùn gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e lè máa gbẹ lé ara wọn níbẹ̀. Ọdẹ tó bá fọ̀ ọ́ ti kọ igbó sílẹ̀, igbó náà á sì kọ̀ ọ́. Gbogbo èyí lẹ mọ̀. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà, àti ohun tó fà á tó fi jẹ́ ẹ.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ọdẹ́níyì ni mo fi ọta méjì pa ẹfọ̀n mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bí ẹ̀kẹta ṣe kú. Ìtìjú ló pa á. Ṣùgbọ́n bí mo ti láyà tó yìí, bí wọ́n bá ní kí n gba ọ̀nà tí Ọdẹ́tàyọ̀ gbà, màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Abà Oníyeyè ni Ọdẹ́tàyọ̀ ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Obìnrin yìí fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dénú, àmọ́ kò fẹ́ràn gbérí ọkọ rẹ̀ rárá. Ọdún mọ́kànlá ni aṣọ náà ti wà láìkan omi. Bí òógùn bá gbẹ sí i lára, á fi ìlà funfun sílẹ̀ léjìká àti lábẹ́ abíyá; kó tó di ọ̀la, òmíràn á ti gbẹ lé e. Ó le débi pé bí Ọdẹ́tàyọ̀ bá bọ́ ọ sílẹ̀, aṣọ á dá dúró, á máa wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò.

"Baálé mi," Àwẹ̀ró á ní, "ṣé ìbọn yín ló ń pa àwọn ẹran yìí ni, àbí òórùn yìí?"

"Jẹ ẹran tó kú," Ọdẹ́tàyọ̀ á dá a lóhùn, "má wádìí ohun tó pa á."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣeré títí ọjọ́ kan fi dé tí eré di ìjà. Ọdẹ́tàyọ̀ ti ìgbẹ́ dé láàárọ̀, ó sùn. Àwẹ̀ró wo gbérí lórí èèkàn ara ògiri, ó ní òun kò lè fara dà á mọ́. Ó ká a sábẹ́ apá, ó mú ọṣẹ dúdú, ó gba odò ẹ̀yìn abà lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jí, tó rí èèkàn lófìfo, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sáré dé odò, ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí òkúta, etí aṣọ ku ìwọ̀n ìka kan kó kan omi.

Ó já a gbà. Inú bí i gidigidi. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé omi lo fẹ́ràn tó báyìí, máa bá omi lọ."

Ọ̀sán gangan ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kúkú mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń na ẹsẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọdẹ́tàyọ̀ kó aṣọ sọ́rùn, ó kẹ̀yìn sí i, kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tó fi gbọ́ tí odò mí kanlẹ̀. Nígbà tó máa fi bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnìkan lórí òkúta. Ọṣẹ dúdú nìkan ló wà níbẹ̀, omi kò tíì kàn án.

Gbogbo abà wá Àwẹ̀ró. Wọ́n tú odò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí Ọdẹ́tàyọ̀ gba kámú. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í, nítorí òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun. Ó ní, "Ẹnu mi ló lé e lọ. Ẹsẹ̀ mi ni yóò lọ mú un wá."

Ó gbé ìbọn, ó gbé àdá. Ó di ẹran gbígbẹ àti iyọ̀ díẹ̀ sápò. Ó wọ gbérí rẹ̀. Ó de iná ọdẹ mọ́rí. Ẹ mọ irú rẹ̀: gúlóòbù wà níwájú orí, bátìrì wà nínú àpò awọ ní ìbàdí, wáyà gígùn sì gba ẹ̀yìn kọjá láti so wọ́n pọ̀. Ó tẹ̀ lé odò lọ sí òkè, nítorí ọdẹ tó mọṣẹ́ mọ̀ pé ohun tí omi bá gbé lọ́sàn-án gangan kì í bá ìṣàn lọ.

Ọjọ́ keje ló dé ibú kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bu omi mu. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti kan omi báyìí, nǹkan gbá a mú láti ìka dé èjìká, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú sẹ́yìn gbì. Òjìjí ni, ẹja oníná tí ọwọ́ kì í dì mú. Ẹ̀yin tí ẹ ti kan òjìjí nínú àwọ̀n rí, tí apá yín kú títí dìrọ̀lẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ kàn. Èyí tí mo ń wí yìí ti dàgbà débi pé irùngbọ̀n rẹ̀ gba ojú ibú.

"Ta ló ń bu omi mi láìkí mi?" ni òjìjí wí.

Ọdẹ́tàyọ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ìyàwó mi ni mò ń wá, n kò rí ibòmíràn wò."

"Mo rí i. Àwọn ará Ìlú Àtẹ́ mú un gba ibí kọjá. Kò sunkún. Ẹ̀yìn ló ń wò ṣáá."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọdẹ́tàyọ̀ ju iná ẹja náà lọ. Ó dorí kodò. Òjìjí wò ó títí, àánú rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀.

"Gbọ́," ó ní. "Ara àwọn ará Àtẹ́ ń yọ̀ bí ara ìgbín, omi nìkan ni wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé láyé. Omi ni wọn yóò fi dán ọ wò. Èmi tí iná wà lára mi mọ ohun kan tí wọn kò mọ̀. Omi kì í ṣe ọ̀kan náà. Omi kan wà tó ń gbé iná mi dé òdìkejì. Omi kan sì wà tí iná mi ń kú sí létí ẹnu mi. Ohun tó wà nínú èkíní tí kò sí nínú èkejì, màá fún ọ bí àlọ́, nítorí a kì í fi ọgbọ́n tọrẹ fún ẹni tí kò ní í ronú. Mo bá ọkùnrin jáde lóko, mo bá obìnrin jáde nílé ọ̀fọ̀. Mo wọ inú omi, ojú wá mi títí kò rí mi. Ahọ́n kò wá mi, ó rí mi. Kí ni mí?"

Ó rì sísàlẹ̀ kí Ọdẹ́tàyọ̀ tó lè bèèrè ìdajì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹjú tí ẹ ń fọwọ́ tọ́ ara yín pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ panu mọ́. Ẹni tó jókòó sábẹ́ ibòòji, gbogbo àlọ́ ló mọ̀. Ọdẹ́tàyọ̀ kò mọ̀ ọ́n, ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ó wọ igbó kan tí kò sí ẹyẹ, tí kò sí eṣinṣin. Dípò ẹyẹ, ọ̀rọ̀ ló so rọ̀ lára ẹ̀ka gbogbo bí àdán. Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí èèyàn ti fi ìbínú sọ, tí wọn kò sì rí ọ̀nà mú padà, ibẹ̀ ló ń lọ. Àwọn tó ti pẹ́ ti gbẹ, wọn kò lè ju pé kí wọ́n mí lọ. Àwọn tuntun tutù, ohùn wọn sì le. Ọ̀kan ń wí pé, "N kò bí ọ." Òmíràn ń wí pé, "Ó tì ọ́ lójú láti kú ni?" Ọdẹ́tàyọ̀ di etí, ó ń sáré. Ó dé abẹ́ igi kan, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lókè orí rẹ̀: "Máa bá omi lọ."

Ọ̀rọ̀ náà já lulẹ̀, ó gun ọrùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ọdẹ́tàyọ̀ gbọn ara, kò bọ́. Ó dojú ìbọn kọ ọ́, ó yìn ín; ọ̀rọ̀ náà di méjì. Ó yọ àdá, ó bẹ́ ẹ. Ó di mẹ́rin, gbogbo wọn ń ké "máa bá omi lọ" lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin náà sì ń rì sínú ilẹ̀ lábẹ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mu ún dé orúnkún, ó ju àdá nù. Ó ní, "Èmi ni mo sọ ọ́. Kì í ṣe èṣù, kì í ṣe oorun. Èmi ni mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu mi, ó sì ń dùn mí."

Ni mẹ́rin bá di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ bí òròmọdìẹ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ wọ inú àpò ọdẹ lọ, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ọdẹ́tàyọ̀ fa ara rẹ̀ yọ. Ó wá ìbọn, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan fi ìbọn pa ọ̀rọ̀ rí, ẹ sọ fún mi, èmi náà á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìn igbó náà ni Ìlú Àtẹ́ wà, lábẹ́ àwọn igi tí ewé wọn dí débi pé ọ̀sán wọn dà bí àfẹ̀mọ́júmọ́. Oníbodè kan dúró lẹ́nu odi. Ara rẹ̀ rọ̀, ó ń dán, ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìwo méjì tó ń nà tó ń súnkì. Ó ní kí Ọdẹ́tàyọ̀ tú àpò. Bó ti rí ìdì iyọ̀, ó fò sẹ́yìn, ó wá igi gígùn, ó fi tì í sínú kòtò. Ó ti ẹran gbígbẹ náà tẹ̀ lé e nítorí iyọ̀ wà lára rẹ̀.

"Èèwọ̀ ìlú wa nìyẹn," ó ní. "Bó bá kan ara wa, a ó yọ́ dànù. Kí ni èyí tó wà lọ́rùn rẹ, tó ń rùn bí òbúkọ?"

"Aṣọ ọdẹ ni. A kì í bọ́ ọ lẹ́nu ibodè."

"Kí ló ń rùn lára rẹ̀?"

"Òógùn ni."

"Kí ló ń jẹ́ òógùn?"

Ó ya Ọdẹ́tàyọ̀ lẹ́nu. Kò tíì pàdé ẹni tí kò làágùn rí. Ó ní, "Omi tó ń jáde lára ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ni."

Oníbodè rẹ́rìn-ín títí ìwo ojú rẹ̀ fi lọ́ mọ́ ara wọn. "Omi lásán," ó ní. "Omi kò lè pa wá lára. Wọlé."

Ọba Ìlú Àtẹ́ jókòó sórí èéhù tútù, ó tóbi tó àká. Àwẹ̀ró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìkarawun ńlá kan, wọ́n ti fi ewé dí i lẹ́nu kó má baà sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀, omi lé sí i lójú. Ọdẹ́tàyọ̀ fẹ́ sáré lọ bá a, àwọn ẹ̀ṣọ́ dí i lọ́nà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, mo wá mú ìyàwó mi."

"A kò jí i," ni ọba wí. "Wọ́n fi í ta wá lọ́rẹ ni. Ẹlẹ́rìí wà nínú àpò rẹ. Jẹ́ kó jáde."

Ọ̀rọ̀ náà jáde, ó dúró láàárín agbo, ó sì fi ohùn Ọdẹ́tàyọ̀ sọ pé, "Máa bá omi lọ." Gbogbo ìlú mi orí.

"Ìbínú ló sọ ọ́, Kábíyèsí."

"Ẹnu ta ni ìbínú yá?"

Ọdẹ́tàyọ̀ ní, "Tèmi ni."

Inú ọba dùn sí i pé kò purọ́. Ó na ìwo ojú rẹ̀ sí iná tó ń tàn níwájú orí ọdẹ, nítorí ará Àtẹ́ kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ronú. Ó wá ní, "Omi ni o fi í fún, omi náà ni yóò sọ bóyá ó gbà kó padà. Gbogbo ayé mọ̀ pé omi àti iná kì í gbé ilé kan. Bí omi bá lè gbé iná rẹ yìí sẹ́yìn kó sì gbé e kọjá, mo mọ̀ pé omi ti dárí jì ọ́. Bí kò bá gbé e, obìnrin yìí di tiwa. Yóò gbàgbé orúkọ rẹ, yóò sì gbàgbé tirẹ̀ náà."

Ó pàṣẹ, wọ́n já wáyà iná náà sí méjì. Gúlóòbù kú. Wọ́n gbé igbá omi òjò kan wá, wọ́n ki ẹnu wáyà kan sí apá ọ̀tún, wọ́n ki èkejì sí apá òsì, àlàfo wọn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ kan ara wọn, omi nìkan ni kó ṣe afárá. Wọ́n wá gbé ìgbín kan lé ìdí òpó, wọ́n ní bó bá ti dé orí òpó, ẹjọ́ parí. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìgbín kì í yára, ìgbín kò tíì fi gígun òpó ka ìgbà fún yín rí.

Ọdẹ́tàyọ̀ wo gúlóòbù. Ó dúdú. Ó bu omi kún igbá títí ó fi dé ètè, gúlóòbù dúdú. Ó ní kí wọ́n bu omi kànga ọba wá, wọ́n bu ú wá, ó da ti àkọ́kọ́ nù, ó fi ti kànga rọ́pò rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Iná wà ní ìbàdí rẹ̀, gúlóòbù wà lórí rẹ̀, omi kékeré tó wà láàárín kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n ríra.

Ó jókòó ti igbá, ó ń tú àlọ́ òjìjí. Ojú kò rí i, ahọ́n rí i. Oyin, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó bẹ ọba, wọ́n fún un ní oyin inú igi. Ó dà á sínú omi, ó rò ó títí ó fi yọ́. Ó tọ́ ọ wò, ó dùn. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Gúlóòbù ṣì dúdú. Ó fi oyin kún un, ó tún kún un, ó di ohun tí kòkòrò lè rì sí. Gúlóòbù kò ṣẹ́jú. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó bu omi mìíràn.

Ìgbín ti kọjá àárín òpó. Ọdẹ́tàyọ̀ wo Àwẹ̀ró, ẹ̀rù sì bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi ti gbẹ lójú obìnrin náà. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí a pàdé lọ́jà lẹ́ẹ̀kan, tí a kò rántí ohun tí a rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́tàyọ̀ ní, "Àwẹ̀ró." Kò jẹ́. Ó tún pè é. Obìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.

Ọkùnrin yìí kò jókòó mọ́. Ó ń yí igbá po, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, ó ń fa wáyà, ó ń tún bátìrì tò, ara rẹ̀ gbóná, òógùn bò ó. Ọ̀kan ṣàn láti iwájú orí gba ẹgbẹ́ imú, ó dé igun ẹnu rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ lá a láìmọ̀. Ó dúró gbagidi.

Iyọ̀ ni.

Mo bá ọkùnrin jáde lóko: òógùn. Mo bá obìnrin jáde nílé ọ̀fọ̀: omijé. Àgbàlagbà ọdẹ yìí fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. Ó tẹ orí sórí igbá, ó fọwọ́ nu iwájú orí, ó gbọ̀n ọ́n sínú omi. Ẹ̀kán mẹ́rin, ẹ̀kán márùn-ún. Okùn tín-ín-rín inú gúlóòbù pọ́n díẹ̀ bí ẹyọ ata kan, ó sì kú. Gbogbo ìlú ṣe hìn-ín. Ọ̀nà ti yọ sí i, àmọ́ ohun tó wà lójú rẹ̀ kò tó, iyọ̀ tó gbé wá sì wà nínú kòtò ẹnu ibodè.

Ọwọ́ rẹ̀ kan àyà rẹ̀. Ó kan aṣọ líle.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni òun náà ti dúró. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ fọwọ́ kan gbérí yín. Ọdún mọ́kànlá ti Ọdẹ́tàyọ̀ wà nínú tirẹ̀: gbogbo òru tó fi ṣọ́ ẹran, gbogbo oòrùn tó pa á, gbogbo ìbẹ̀rù tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá rì í bọ omi, òun kì í ṣe ọdẹ mọ́. Ó rí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kàn, ó gbọ́ orúkọ tí wọn yóò sọ ọ́. Ìgbín ku ìka mẹ́ta.

Ó bọ́ ọ.

Àwẹ̀ró tó ti gbàgbé orúkọ ọkọ, tó ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ó ku ohun kan tí kò tíì gbàgbé. Bó ti rí i tí ọkùnrin yìí di aṣọ náà mú lókè igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó ń mi orí kíkankíkan, ó ń na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú. Ó mọ ohun tí aṣọ náà jẹ́ fún un.

Ọdẹ́tàyọ̀ wò ó. Ó ní, "Ṣebí o ti ń bẹ̀ mí láti ọdún mọ́kànlá. Jẹ́ kí n fọ̀ ọ́."

Ó rì í bọ inú igbá. Ó fọ̀ ọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń fọṣọ létí odò, ó ń rún un, ó ń fún un, ó ń yí i padà. Èjìká, abíyá, àyà, ẹ̀yìn. Omi náà pọ́n, ó di dúdú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ààfin débi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ fa ìwo wọn sínú. Nígbà tó fún un tán, ó mú ẹnu wáyà méjèèjì, ó kì wọ́n bọ̀ ọ́, àlàfo wọn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ bí wọ́n ti wí.

Iná tàn.

Kò mọ́lẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín níbi tí òtítọ́ ti tó. Ó pọ́n, ó rẹlẹ̀ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n ó tàn, kò sì kú, ìgbín sì dúró pẹ̀lú ìwọ̀n ìka kan tó kù, nítorí òórùn iyọ̀ ti bá a lókè ibẹ̀.

"Kí lo fi sínú omi yìí?" ni ọba bèèrè, ó sì súnra sẹ́yìn.

"Òógùn mi ni, Kábíyèsí. Oníbodè yín ní omi lásán ni."

Ọ̀rọ̀ kékeré tó ti dúró láàárín agbo látẹ̀yìnwá rìn wá sétí igbá. Ó wo inú rẹ̀, ó wo Ọdẹ́tàyọ̀, ó já sínú omi náà, ó yọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọba wá ní, "Omi ti sọ̀rọ̀. Ọba kì í jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Mú ìyàwó rẹ, kí ẹ jọ gbé igbá yìí kúrò nílẹ̀ mi, kí ẹ̀kán kan má sì ṣe kán sílẹ̀, nítorí mo ní àwọn ọmọ."

Wọ́n já ewé kúrò lẹ́nu Àwẹ̀ró. Tọkọtaya náà gbé igbá láàárín ara wọn, ẹnìkan lápá ọ̀tún, ẹnìkan lápá òsì, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́. Wọ́n gba igbó ọ̀rọ̀ kọjá, kò sí èyí tó bá wọn wí. Nígbà tí wọ́n dé ibú òjìjí, wọ́n da omi náà sí i. Iná kọ yànà lábẹ́ omi láti etí kan dé etí kejì, wọ́n sì gbọ́ tí àgbà ẹja náà ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé odò ẹ̀yìn abà. Òkúta wà níbẹ̀, ọṣẹ dúdú sì wà lórí rẹ̀ bí Àwẹ̀ró ṣe fi í sílẹ̀. Ó wo ọṣẹ, ó wo gbérí tó wà léjìká ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fọ̀ ọ́ láìlo ọṣẹ," ó ní. "Abẹ́ apá kò mọ́."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ọdẹ́tàyọ̀ ní, "Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, dárí rẹ̀ jì mí." Obìnrin náà ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí òun rántí.

Ẹgbẹ́ ọdẹ gbọ́. Wọ́n pè é, wọ́n wo aṣọ tó mọ́ lára rẹ̀, wọ́n gba àpò ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Afọgbérí. Kò bá wọn jà. Ó gba oko lọ, ó ń kọ ebè, bí wọ́n bá sì fi orúkọ náà pè é lọ́nà, ó ń jẹ́.

Mo bi í léèrè rí, nígbà tí èmi náà fẹ́ di ọdẹ. Mo ní, "Bàbá, ṣé igbó kì í wù yín?" Ó ń gún igi iṣu lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Igbó pọ̀, Ọdẹ́níyì. Àwẹ̀ró kan ṣoṣo ni mo ní."

Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ni, ọdún kejì tí wọ́n dé ni wọ́n bí mi. Nígbà tí bàbá kú, mo bá ìyá mi nínú yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé gbérí yẹn lé itan. Ó gbé e sókè, ó fi imú sí èjìká rẹ̀, ó fi imú sí abẹ́ apá, ó ń yí i kiri. Mo ní, "Ìyá mi, kí lẹ ń wá?" Ó ní, "Kò rùn mọ́." Ó sunkún títí, èmi náà sì jókòó tì í.